Ọkọ̀ Ìbàdàn Tó Dúró Níwájú Sígínà

Adìyẹ ni Abísọ́lá kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó gbé e.

Adìyẹ pupa kan ni, wọ́n ti fi okùn so ó lẹ́sẹ̀, ó wá na ọrùn sókè bí ìyàwó baálẹ̀ láàárín èrò tó ń gun àtẹ̀gùn afárá ní Ibùdókọ̀ Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn Ìjókò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Àsìkò tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó àti èyí tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ máa ń pàdé nìyẹn, tí àwọn ti ìhín á máa sáré lọ sọ́hùn-ún, tí àwọn tọ̀hún á máa sáré bọ̀ níhìn-ín, tí kálukú á máa fi èjìká gbá ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yà fún adìyẹ yìí. Ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù ló gbá a mọ́ àyà, ó ń bẹ èrò ọ̀tún, ó ń bẹ ti òsì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹra díẹ̀. Àlejò ni, kò mọ ọ̀nà."

Abísọ́lá wà nínú yàrá onígíláàsì tó kọjú sí afárá náà lókè, níbi tó ti ń kéde ọkọ̀ fún èrò. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun ò tíì pa máìkì. Ẹ̀rín yẹn gba inú gbogbo gbohùngbohùn jáde. Ó délẹ̀ dé orí pèpéle, ó dé abẹ́ afárá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lóde. Ọkùnrin aládìyẹ dúró, ó gbé ojú sókè wo gbohùngbohùn tó wà lórí òpó bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìn-ín fara pamọ́ sí, òun náà wá rẹ́rìn-ín padà fún un.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ìfẹ́ kì í gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé. Kí wọ́n wá sọ èyí tó ń gbà fún mi.

Yàrá Abísọ́lá yìí náà ni wọ́n ń kó ohun tí èrò bá gbàgbé sí, nítorí náà ọkùnrin yìí gòkè wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí àga ní pèpéle kejì ni mo ti rí i. Ó jọ pé ọkọ̀ ti gbé olówó rẹ̀ lọ."

"Ẹ ṣeun, sà. Kí lorúkọ?"

"Tèmi tàbí ti adìyẹ?"

Abísọ́lá lejú. "Tiyín."

"Ayọ̀rìndé. Ti adìyẹ, kò tíì sọ fún mi." Ó fọwọ́ sí ìwé tó nà sí i. "Ẹ̀yin lẹ fi mí rẹ́rìn-ín lójú ayé ṣá?"

"Adìyẹ ni mo fi rẹ́rìn-ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ò bínú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Abísọ́lá kéde adìyẹ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Òfin ibùdókọ̀ ò sì gba ohun ẹlẹ́mìí láyè kó sùn sí yàrá. Nígbà tó ṣíwọ́, ó gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó tú u sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ní Ọjọ́rú, Ayọ̀rìndé tún gòkè wá. Agboòrùn ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, kóòmù dúdú kan. Abísọ́lá yí kóòmù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Bébà ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, ẹni tó sọ kóòmù yìí nù kò tíì fi yarun rí."

Ayọ̀rìndé wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ má pe ọlọ́pàá. Èmi ni mo rà á."

"Agboòrùn ńkọ́?"

"Tèmi ni. Òjò sì ti ń pa mí láti ọjọ́ yẹn."

"Bàtà ọmọdé?"

"Ìyẹn, mo rí i lóòótọ́. Olúwa ló fi ṣàánú mi."

Abísọ́lá sáré pa máìkì kó tó rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́gbọ́n.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ayọ̀rìndé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ní Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́ òru, àárọ̀ ló máa ń wá wọ ọkọ̀ ní Ìdí-Àgbọn padà sí Agége níbi tó ń gbé. Kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í purọ́, àfi ti kóòmù. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa pé, Abísọ́lá ti mọ ìrìn rẹ̀ lórí afárá láìwojú gíláàsì. Ayọ̀rìndé béèrè oríkì rẹ̀, Abísọ́lá ní Àjọkẹ́ ni, láti ọjọ́ náà kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Abísọ́lá fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí ó mọ bàbá tó bí òun.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ògúntóyè fi darí sígínà nígbà tó jẹ́ ojú irin àtijọ́ nìkan ló gba Ìjókò kọjá. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀tà ni, àmọ́ tí wọ́n bá bi í pé ọmọ ibo ni, á ní ọmọ rélùwéè ni òun. Nígbà tí Abísọ́lá wà ní kékeré, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a nílé sígínà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ìwé kíkà, nínú ìwé ńlá tí bàbá ń kọ àsìkò ọkọ̀ sí. Ìlà méjì ló wà nínú ìwé náà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fún àsìkò tó dé ọ̀dọ̀ sígínà ìta tó ń dá ọkọ̀ dúró kó tó wọlé, ọ̀kan fún àsìkò tó wọ ibùdókọ̀. Bàbá ò fi ìṣẹ́jú kan purọ́ sínú ìwé yẹn rí.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Bàbá Ògúntóyè ò fẹ́ràn apẹ́lẹ́yìn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n wá tọrọ Fọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n Abísọ́lá. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni àwọn ará ilé ọkọ fi pẹ́, irọ́ oríṣìíríṣìí ni wọ́n kó wá, ti táyà tó bẹ́, ti afárá tó já. Wọ́n san ìtanràn bí àṣà ti wí, wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá sì gbà. Nígbà tí Fọlákẹ́ rọbí, ọkọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀, òun ń bọ̀. Fọlákẹ́ nìkan ló bí ọmọ yẹn. Ọkọ ò dé títí di òní, Fọlákẹ́ sì ti padà sílé bàbá rẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Bàbá wá sọ ọ́ di òfin: ẹni tí kò bá lè dé lásìkò lọ́jọ́ ìtọrọ, kò ní dé lásìkò lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Bàbá ní kí Ayọ̀rìndé kọ́kọ́ wá fojú han òun. Òru mọ́jú ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ gé ẹnì kan lọ́wọ́ nílé iṣẹ́, Ayọ̀rìndé ló sì gbé e lọ sí ọsibítù, tó dúró tì í títí di ọ̀sán. Ó sáré títí, aṣọ ara rẹ̀ tutù rinrin. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, Bàbá ò ṣí i. Láti inú ilé ló ti sọ̀rọ̀.

"Aago mélòó lo ní?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje."

"A dúpẹ́. Ó dàbọ̀."

Ayọ̀rìndé ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó lọ. Ojú fèrèsé ni Abísọ́lá ti ń wò ó. Ó dùn ún wọnú eegun.

"Àna kọ́ ni bàbá rẹ ń wá," Ayọ̀rìndé sọ lọ́jọ́ kejì. "Aago ló ń wá."

"Má sọ̀rọ̀ sí bàbá mi."

"N kò sọ̀rọ̀ sí wọn. Ó kàn ń dùn mí ni, Àjọkẹ́."

"Èmi náà ńkọ́, ṣé adùn ló ń dùn mí?"

Ọkọ̀ Èkó dé, Ayọ̀rìndé ò wọ̀ ọ́. Òmíràn dé, kò wọ̀ ọ́. Abísọ́lá ló lé e lọ níkẹyìn.

Fọlákẹ́ ló bá wọn dá sí i. Òun tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè sọ̀rọ̀ ọkọ mọ́ láyé, òun ló kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọkùnrin ló ṣẹ̀ mí. Aago ò ṣẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ kẹrin ni Bàbá pe Abísọ́lá. "Mo ti fojú fo ìṣẹ́jú méje yẹn. Kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí aago bá lu mẹ́wàá tí n kò rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Má sì tún wá bẹ̀ mí."

"Mo gbọ́, sà."

Ibi tí Abísọ́lá ti ṣe àṣìṣe nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá Ọládàpọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Ayọ̀rìndé tó máa ṣáájú wọn, fẹ́ kí wọ́n gba bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sùn sí Ṣàngó Ọ̀tà, kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Abísọ́lá ní rárá, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ Sátidé ní Ìbàdàn. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń dé Ìdí-Àgbọn. Òun ló ń kéde rẹ̀. Láti ọjọ́ tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò pẹ́ rí ní Sátidé.

"Mo fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ pé ojú irin ló gbé yín wá," ó sọ fún Ayọ̀rìndé. "Inú wọn á rọ̀."

"Àjọkẹ́, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ní Sátidé, àwọn mọ̀lẹ́bí Ògúntóyè ti jókòó yí pálọ̀ ká kó tó di aago mẹ́sàn-án. Bàbá wọ agbádá funfun, ó gbé àga rẹ̀ sí abẹ́ aago ògiri. Inú yàrá ni Abísọ́lá wà pẹ̀lú Fọlákẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n wá tọrọ kì í yọjú àfi tí wọ́n bá pè é. Lẹ́yìnkùlé, adìyẹ pupa ń kó ọmọ mẹ́sàn-án kiri. Bàbá tó ní òun ò fẹ́ rí i ló ń fún un ní àgbàdo láràárọ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abísọ́lá tẹ́tí fún ariwo ọkọ̀ tó ń wọlé, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó pe Nàfísátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó di iṣẹ́ mú lọ́jọ́ náà.

"Sígínà ló kú," Nàfísátù wí. "Pupa ló dúró sí, kò yí padà. Ọkọ̀ Ìbàdàn ti wà níwájú sígínà ìta láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn tó ń tún un ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa parí?"

"Abísọ́lá, n kò lè tàn ọ́. N kò mọ̀."

Fọlákẹ́ di ọwọ́ Abísọ́lá mú. Láti ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà lọ́nà jíjìn, ọ̀kan gígùn, méjì kúkúrú. Ó sún mọ́ tòsí débi pé oko àgbàdo àwọn aráàlú nìkan ló wà láàárín. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ká ní Abẹ́òkúta ló dúró sí, ọkàn ì bá ti kúrò lọ́rọ̀ náà.

Fóònù dún. Ayọ̀rìndé ni. Ó ti lọ pàdé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ìrọ̀lẹ́ àná.

"Àjọkẹ́, a ń rí òrùlé ibùdókọ̀ láti ibi tá a wà." Ohùn rẹ̀ le. "Àwọn àbúrò mi ti fipá ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ká sọ̀ ká máa fẹsẹ̀ rìn lórí ojú irin. Ogún ìṣẹ́jú ni dé ilé yín. Tí a bá gbéra báyìí, a máa bá aago mẹ́wàá."

Abísọ́lá wo fóònù. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì.

Ó mọ ojú ọ̀nà yẹn. Kòtò ló wà lápá kan, ojú irin kejì ló wà lápá kejì. Sígínà ti ojú irin kejì ò bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ Èkó máa ń gbà lọ síbi tí wọ́n ń gbé e sí lẹ́yìn tó bá ti já èrò sílẹ̀. Kò ní èrò nínú, ṣe ló máa ń sáré. Bàbá Ọládàpọ̀ sì ń tiro.

"Ẹ má sọ̀," ó ní.

"Àjọkẹ́."

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ayọ̀ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ti ilẹ̀kùn yẹn, kó o jókòó."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Tí a bá jókòó, aago mẹ́wàá á bá wa níbí. Bàbá rẹ ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́ láéláé. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wa nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"O máa pàdánù mi."

"Kí n pàdánù rẹ sọ́wọ́ bàbá mi, mo fara mọ́ ọn. Sọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin kọ́." Omi ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò mì. Ohùn tó fi ń kéde ọkọ̀ náà ló fi sọ ọ́. "Jókòó."

Ó gbọ́ tí Ayọ̀rìndé ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jiyàn, ó gbọ́ Bàbá Ọládàpọ̀ tó ń wí pé kí ló dé, ẹnì kan ò ṣáà kú. Ilẹ̀kùn irin dún gbà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sígbà náà tí ariwo ńlá kan gba inú fóònù náà kọjá, tó mi gbogbo nǹkan, tó sì lọ.

"Kí nìyẹn?" Abísọ́lá béèrè, ó ti mọ̀.

"Ọkọ̀ Èkó ni," Ayọ̀rìndé dáhùn. "Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ibi tí à bá máa rìn gan-an ni." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti jókòó, Àjọkẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun yòówù tí bàbá rẹ bá sọ, fi yé wọn pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Aago ògiri lu mẹ́wàá. Láti inú yàrá, Abísọ́lá kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ tí àga bàbá rẹ̀ dún. "Ẹ̀yin ará ilé," Bàbá wí, "ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ò ní bínú sí mi. Kí wọ́n bu oúnjẹ fún yín, kí kálukú máa lọ sílé. Ìpàdé ti parí."

Abísọ́lá ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní, "Ta ló pè ọ́?" Abísọ́lá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀.

"Bàbá, n kò wá bẹ̀ yín. Ẹ ti ní kí n má bẹ̀ yín. Ìbéèrè ni mo ní."

Bàbá wò ó. "Béèrè."

"Nígbà tí ẹ wà nílé sígínà, ìlà méjì lẹ máa ń kọ fún ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ sígínà ìta lásìkò, tí sígínà bá dá a dúró, ṣé ọkọ̀ náà pẹ́?"

"Kò pẹ́."

"Ọrùn ta ni ẹ̀bi wà?"

Ní àkókò náà gan-an ni fèrè tún dún láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan gígùn, méjì kúkúrú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi gbọ́ fèrè yẹn. Kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Fèrè ọkọ̀ tó ti dé, tó ń tọrọ ọ̀nà ni.

"Àwọn nìyẹn?" ó béèrè.

"Àwọn ni. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Nàfísátù ló sọ fún mi."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ̀? Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Àwọn èèyàn ìsinsìnyí kì í jókòó."

"Wọ́n fẹ́ sọ̀. Mo ní kí wọ́n má sọ̀. Ayọ̀rìndé ló ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó. Ọkọ̀ Èkó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́yìn náà."

Ojú Bàbá yí padà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lójú irin, ó ní ohun tó ti rí níbẹ̀ tí kì í sọ nílé. "Ó mọ̀ pé aago mẹ́wàá ni mo dá?"

"Ó mọ̀."

"Ó mọ̀ pé mi ò ní ṣílẹ̀kùn?"

"Ó mọ̀, sà."

"Ó sì jókòó."

"Ó jókòó."

Bàbá padà sí orí àga rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń wo ara wọn. Fọlákẹ́ ti jáde láti inú yàrá, ó dúró lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, òun gan-an ni Bàbá sì kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọrùn ẹni tó di sígínà mú ni ẹ̀bi máa ń wà," ó ní. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti di pupa mú sí ojú gbogbo ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹni tó já ọ sílẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin ni mò ń ṣọ́."

Omi bọ́ lójú Fọlákẹ́, kò nù ún.

"Lọ bá mi mú fìlà rélùwéè mi wá. Ó wà nínú àpótí, pẹ̀lú àsíá àwọ̀ ewé."

"Ẹ ń lọ síbo?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. "Bàbá ìyàwó kì í jáde lọ pàdé àna. Kò sí lásà."

"Ẹ bu owó ìtanràn lé mi tí mo bá dé," Bàbá wí, ó ti ń wọ bàtà. "Àpẹ́jù ti ọdún mẹ́jọ ni."

Aago mọ́kànlá kọjá dáadáa kí sígínà tó yí sí àwọ̀ ewé. Èrò ti kún pèpéle, inú ń bí wọn, oòrùn sì ń pa wọ́n. Nàfísátù dìde fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Abísọ́lá jókòó sídìí máìkì nínú aṣọ ìtọrọ rẹ̀, gèlè ti fẹ́ tú lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ̀lú fìlà àtijọ́ àti àsíá lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ibùdókọ̀ tuntun yìí, kò wọ ibẹ̀ rí.

"Kí lo máa sọ fún wọn?" ó béèrè.

"Pé ọkọ̀ pẹ́, kí wọ́n má bínú."

"Mi ò kọ irọ́ sínú ìwé rí. Ìwọ náà ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó yí padà láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pèpéle. "Sọ fún wọn pé ó dé lásìkò."

Ọkọ̀ Ìbàdàn yọ. Bàbá Ògúntóyè na àsíá àwọ̀ ewé síta, ó dúró ṣánṣán bí ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí sì fọn fèrè kí i.

Abísọ́lá tan máìkì. "Ẹ̀yin èrò wa, ọkọ̀ tó ti Ìbàdàn bọ̀ ti wọ pèpéle kejì. Ó dé..." Ó wo àsíá tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. "Ó dé lásìkò."

"Lásìkò ti baba ta ni?" ìyá kan pariwo láàárín èrò. Ẹ̀kún tó ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Abísọ́lá di ẹ̀rín, wọ́n jọ tú jáde pọ̀, kò sì rántí pa máìkì. Gbogbo Ìdí-Àgbọn gbọ́ ọ.

Ayọ̀rìndé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di apá Bàbá Ọládàpọ̀ mú. Ó gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó dúró sójú kan, ó gbé ojú sókè wo gbohùngbohùn tó wà lórí òpó, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó gbé ojú wálẹ̀, àna rẹ̀ ló rí níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle, láàárín bàtà èrò.

"Dìde," Bàbá Ògúntóyè wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn eruku kúrò léjìká Ayọ̀rìndé. Lẹ́yìn náà ó fi àsíá náà tọ́ka sí yàrá onígíláàsì lókè.

"Kò sí lórí òpó, ọmọ mi. Òkè yẹn ló wà. Lọ mú un ká lọ sílé."